Ọwọ́ Báàgì Ìyá Mi

Mo ti ba báàgì kan jẹ́ rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló fi í lé mi lọ́wọ́. Awọ ewúrẹ́ pupa ni, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti dọ̀tí. Mo bu omi sínú ike, mo po ọṣẹ dúdú mọ́ ọn, mo sì fi kànìnkànìn gbo ó bí ẹni ń gbo ẹsẹ̀ ọmọ tó ti oko dé. Lẹ́yìn náà mo fi kọ́ sórí okùn lẹ́yìn ilé wa ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, báàgì ti gan bí ẹja gbígbẹ. Etí rẹ̀ ká kò. Ibi tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ á sán, eruku pupa á sì dà sílẹ̀. Mo pa á ni. N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un.

Báàgì kejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí ìyá mi fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Eérú ni ìpìlẹ̀ ọṣẹ dúdú. Èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni à ń sun, a ó sẹ́ omi eérú rẹ̀, a ó sì sè é pọ̀ mọ́ epo. Ẹni tó bá dàgbà sí agbègbè tí kòkó wà kò nílò olùkọ́ fún èyí. Omi eérú bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń ṣe awọ ní Kánò máa ń rẹ awọ ewúrẹ́ sí nínú kòtò wọn, kí awọ lè wú, kí irun lè tú kúrò lára rẹ̀. Bí irun bá ti kúrò tán, iṣẹ́ tó kù ni pé kí wọ́n fọ agbára eérú náà kúrò pátápátá, nítorí awọ tí wọ́n ti ṣe tán kò fẹ́ eérú mọ́; díẹ̀ báyìí ni ó kan, bí ọsàn tí kò kan jù. Èmi wá gbé eérú padà fún un lẹ́yìn tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ará Kánò ni mo ń tú palẹ̀, mo sì rò pé ìmọ́tótó ni mò ń ṣe.

Ti oòrùn, ọ̀dọ̀ àwọn onílù ni ọkàn mi lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí òjò bá mú kí awọ ìlù dẹ̀, onílù á yá a sí oòrùn tàbí sí iná, awọ á fà le, ohùn rẹ̀ á sì tún já gaara. Ohun tí n kò rò ni pé awọ ìlù jẹ́ awọ tútù tí wọ́n fá, tí wọ́n sì sá gbẹ, tí wọn kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Líle rẹ̀ gan-an ni onílù ń wá. Awọ báàgì ní òróró àti ọ̀rinrin díẹ̀ láàárín àwọn fọ́nrán rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lára ara wọn nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rin gbingbin, tí ooru sì fa omi inú rẹ̀ lójijì, àwọn fọ́nrán náà á lẹ̀ mọ́ra wọn, kò sì sí ìpara tí yóò tún yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tí mo mọ èyí tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú mìíràn wo awọ. A kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú lé e lórí. Awọ ẹran tí a kò ṣe nǹkan kan sí máa jẹrà. Bí a bá sá a, ó gan. Bí a bá sè é, ó di pọ̀nmọ́. Ní 2022, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ awọ ní Sàríà sọ pé ó yẹ kí òfin fòpin sí jíjẹ pọ̀nmọ́ kí awọ lè ṣẹ́kù fún iṣẹ́, ariwo sì sọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Mo fẹ́ràn pọ̀nmọ́ nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ọkùnrin náà kò ní ẹ̀jọ́ rò.

Ohun tó sọ awọ ẹran di awọ báàgì ni kí a fi nǹkan kan di àwọn fọ́nrán rẹ̀ mú kí wọ́n má baà jẹrà. Ní ilẹ̀ Hausa, èso igi bagaruwa ni wọ́n ń gún fún iṣẹ́ yìí, pòròpórò ọkà bàbà sì ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ di pupa. Awọ ewúrẹ́ pupa wọn yìí ni àwọn oníràkúnmí ń gbé la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti ìgbà láéláé. Nígbà tí yóò bá fi dé Yúróòpù, awọ Mòrókò ni wọ́n ń pè é, nítorí ọwọ́ àwọn ará àríwá Áfíríkà ni àwọn Òyìnbó ti ń rà á. Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ọmọ Jámánì, dé Kánò ní 1851, ó sì ka awọ mọ́ àwọn ọjà ńlá tí ìlú náà ń kó ránṣẹ́ sí òkè aṣálẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, Ọ̀yọ́ ni wọ́n mọ̀ mọ́ iṣẹ́ awọ: tìmùtìmù, gàárì ẹṣin, apó ọfà, àpò oríṣìíríṣìí. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni làbà Ṣàngó, àpò awọ tí àwọn adóṣù máa ń gbé kọ́ èjìká, tí wọ́n fi ń kó ẹdùn àrá. Iwájú rẹ̀ pín sí ojú mẹ́rin, wọ́n gé awọ aláwọ̀ mìíràn sí ojú kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rán an mọ́ ọn. Bí a kò bá gbé e jáde, ara ògiri ojúbọ ni ó ń wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Ẹ rántí ara ògiri yẹn.

Ọ̀nà kejì tí a fi ń ṣe awọ ti Amẹ́ríkà wá. Ní 1884, Augustus Schultz gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bí a ṣe ń fi iyọ̀ kíróòmù ṣe awọ, ó sì yára débi pé ọ̀pọ̀ jù lọ báàgì tí àwọn ìyá wa gbé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, awọ kíróòmù ni. Bí ẹ bá rí ibi tí awọ ti ya tàbí tí wọ́n ti gé e, ẹ wo àárín rẹ̀ dáadáa. Awọ kíróòmù sábà máa ń ní àwọ̀ eérú tó fara pẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run níbẹ̀. Ti èso igi máa ń pọ́n bí igi. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì: awọ kíróòmù lè fara da ooru omi tí yóò mú kí awọ èso igi súnkì lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti èso igi ni.

Ibi tí ènìyàn ti lè rí àwọn báàgì àtijọ́ yìí kò jìnnà sí ilé wa ní Mayfair. Lọ́ńdọ̀nù náà ní Mayfair tirẹ̀. Ọjà oṣù Karùn-ún tí wọ́n ń ná níbẹ̀ láti 1686 títí di 1764 ni orúkọ náà ti wá, ibẹ̀ sì ni Bond Street wà lónìí, níbi tí owó báàgì kan ti lè san owó ilé ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Mayfair tiwa, òkìrìkà ni, ẹrù àlòkù. Ìlú Òkìrìkà ní Ìpínlẹ̀ Rivers ni a ti mú orúkọ náà, torí etí omi ibẹ̀ ni ẹrù náà ti kọ́kọ́ ń gòkè. Aṣọ àlòkù wà lára ohun tí ìjọba kò fẹ́ kó wọlé, síbẹ̀ béèlì ń gba Kùtọ̀nú wá sí ọjà Kàtángúà ní Èkó, ó sì ń tibẹ̀ tàn dé ọ̀dọ̀ wa, báàgì sì wà nínú rẹ̀. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ wo báàgì tí wọ́n tẹ́ sórí ọ̀rá, mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ láti Yunifásítì pé awọ gidi kan tó ti gbó sàn ju tuntun mẹ́ta tó ń dán lọ. Wọn kì í sábà gbà mí gbọ́, torí tuntun náà ń dán lóòótọ́.

Dídán yẹn ni ẹ̀tàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, aṣọ ni wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bò lójú. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀, a gbé e jáde o, a kò gbé e jáde o. Ìdí nìyí tí báàgì tàbí bàtà tí obìnrin tọ́jú pamọ́ fún òde pàtàkì fi ń bó bí ẹ̀yìn alángbá lọ́jọ́ tó bá mú un jáde lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe àwọn ọ̀tá ilé. Kò sì sí àtúnṣe fún un; ẹ má fi owó ra ìpara sí i. Kí ẹ tó ra báàgì àlòkù, ẹ wá ibi tí etí awọ ti hàn síta, lábẹ́ ìbòrí tàbí nínú àpò inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí aṣọ híhun lẹ́yìn rẹ̀, rọ́bà ni. Bí ó bá jẹ́ pé fọ́nrán ló rú yọ bí irun, awọ ni. Awọ gidi máa hunjọ yí àtàǹpàkò ká bí a bá tẹ̀ ẹ́, ihò ara rẹ̀ kò sì dọ́gba, bí ti ara ènìyàn.

Ìyá mi ra tirẹ̀ ní ilé ìtajà Kingsway ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, ní 1973, ọdún tí a fi pọ́n-ùn sílẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Tíṣà ni. Ó sọ fún wa pé oṣù mẹ́ta ni awọ kò fi kájú ìlù kí ó tó rí i rà. Awọ màlúù aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ó ní ìdè idẹ lẹ́nu, ó ní ọwọ́ méjì. Ìwé àwọn ọmọ kíláàsì, bíírò pupa, áńkáṣíìfù, àti lẹ́yìn náà oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo rẹ̀ ni báàgì yẹn gbé. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, mo bá a ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ọ̀rá wé e méjì, ó sì ju kánfọ̀ mẹ́rin sínú rẹ̀. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í jẹ́ kí awọ mí, omi tó bá sì ti wà nínú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Oṣù Keje ni, òjò Ifẹ̀ ti wọ̀. Báàgì náà ti funfun látòkè délẹ̀ bí ẹni tó yí nínú ẹ̀lùbọ́.

Funfun méjì ló wà lára awọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ṣì wọ́n mú. Ọ̀kan ni kí awọ bu, bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Ó máa ń rí bí irun wẹ́wẹ́, ó sì ń rùn bí yàrá tí a kò ṣí. Èkejì, ọ̀rá inú awọ fúnra rẹ̀ ni, tó jáde wá dì sójú nígbà tí òtútù tàbí ọyẹ́ bá mú. Ẹ fi èémí gbígbóná tàbí àtẹ́lẹwọ́ sí i díẹ̀: ọ̀rá á yọ́, á sì pòórá. Ti ìyá mi kò pòórá.

Mo gbé e jáde sí ẹ̀yìn ilé, mo fi aṣọ bo imú, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n lórí gbígbẹ, kí n má baà gbọ̀n ọ́n sínú yàrá kó lọ máa bá nǹkan mìíràn jà. Mo yí aṣọ inú rẹ̀ síta, mo gbọ̀n ọ́n náà. Mo wá gbé e kalẹ̀ níbòòji, níbi tí atẹ́gùn ń gbà, odindi ọjọ́ mẹ́rin, ẹnu rẹ̀ ní ṣíṣí. N kò ṣe nǹkan mìíràn. Ọmọ mi ń bi mí pé kí ni mò ń dúró dè. Awọ kì í sábà bu bí afẹ́fẹ́ tó yí i ká bá gbẹ dáadáa. A lè nù ún lẹ́ẹ̀mẹwàá, bí ọ̀rinrin bá ṣì wà níbẹ̀ yóò padà.

Lọ́jọ́ karùn-ún mo kán omi ẹyọ kan sí ìdí rẹ̀, níbi tí ojú kò tó. Ó dúró róbótó lórí awọ, kò wọlé. Ìyẹn sọ fún mi pé wọ́n ti fi nǹkan bo ojú awọ náà láti ilé iṣẹ́, ó sì lè gba aṣọ tútù díẹ̀. Ká ní ó mu omi náà, tí ibẹ̀ sì dúdú, n kì bá tí fi omi kàn án rárá. Mo po ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ irun ọmọ jòjòló mọ́ omi, ẹ̀kán méjì péré, mo rẹ aṣọ òwú funfun sí i, mo fún un títí omi kò fi kán mọ́, mo sì ń nu ojú kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, mo ń fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e. Ìdọ̀tí tó jáde dúdú bí omi èédú. Ọ̀sán kan gbáko ni mo fi ṣe é, mo sì ki aṣọ funfun sí i nínú kí ó lè gbẹ pẹ̀lú ìrísí rẹ̀. Ìwé ìròyìn ni ọ̀pọ̀ ń kì bọ báàgì. Yíǹkì rẹ̀ lè ràn mọ́ aṣọ inú.

Ní ẹ̀gbẹ́ ìdè idẹ náà, nǹkan kan bí ìda tútù, tó ní àwọ̀ ewé, ti hù sí ibi tí idẹ ti kan awọ. Ọ̀rá inú awọ àti bàbà inú idẹ ló ń bí i. Igi ìtayín ni mo fi ha á, láìfi omi sí i. Síìpù àpò inú kò lọ mọ́, mo fi àbẹ́là ra eyín rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Fún òórùn kánfọ̀, mo di èédú sínú aṣọ, mo fi sínú páálí pẹ̀lú báàgì náà, mo ń pààrọ̀ èédú náà. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òrí dé. Gbogbo ẹni tó rí mi ló ní kí n fi òrí pa á, àwọn kan ní àdí, ẹnì kan ní epo pupa. Epo pupa kò ṣe é gbọ́ sétí, yóò rẹ ẹ́ ni. Òrí dára, ó sì wà nínú àwọn ìpara awọ kan tí wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ ó máa sọ awọ di dúdú, ó máa di eruku mú, bí ọyẹ́ bá sì dé ó máa dì sójú, á di funfun kejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo fi ìwọ̀n ẹ̀wà kan dán ìdí báàgì wò, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó ṣú ju bí mo ti fẹ́ lọ. Ìpara awọ tí kò ní àwọ̀, tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èlò bàtà, ni mo lò, díẹ̀díẹ̀, mo sì nu èyí tó kù lójú rẹ̀ kúrò. N kò fi pólíìṣì bàtà kàn án. Bàtà kì í fara kan aṣọ funfun ẹni nínú ṣọ́ọ̀ṣì, báàgì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibì kan wà ní igun òsì tí bíírò pupa ti ya sí, ó gùn tó ìka. Mo ti mú sípíríìtì àti òwú, mo ti ń tẹ̀ síwájú, kí n tó rántí pé sípíríìtì kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín yíǹkì àti àwọ̀ tí wọ́n fi kun awọ. Yóò kó méjèèjì lọ, ibẹ̀ á sì di ojú àpá. Ní Northampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Leather Conservation Centre, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1978 fún ìtọ́jú awọ àtijọ́. Àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n wà, ní ìlànà kan tí mo fẹ́ràn: ohun tó kéré jù lọ tó lè ran nǹkan náà lọ́wọ́ ni kí a ṣe, kí ó sì jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn lè tú lẹ́yìn wa. Mo dé sípíríìtì. Yíǹkì tí ìyá mi fi ń máàkì ìwé ni.

Ó ku okùn rírán ọwọ́ kan tó ti já. Aránbàtà kan máa ń ti Sábó wá kọjá ní òpópónà wa láàárọ̀, ó ń lu àpótí igi rẹ̀ kí a lè mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo pè é. Ó jókòó sórí àpótí náà, ó yí báàgì síwá sẹ́yìn, ó sì gbóòórùn rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, awọ gidi nìyí o. Wọn kì í ṣe irú èyí mọ́."

Ó yọ òwú àtijọ́ kúrò, ó fi ìda ra òwú tuntun, ó sì ń gba inú ihò tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìlu òmíràn. Abẹ́rẹ́ méjì ni ó lò, ọ̀kan láti apá ọ̀tún, ọ̀kan láti apá òsì, wọ́n ń pàdé nínú ihò kan náà. Rírán báyìí, bí apá kan bá já, ìkejì á ṣì dì í mú. Ti ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó ṣe tán, ó tọ́ka sí ọwọ́ méjèèjì. Ara báàgì ti mọ́, ó ti padà sí àwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà dúdú kirikiri, pàápàá ní àárín, níbi tí òógùn àti òróró ọwọ́ ìyá mi ti wọ inú awọ fún ọdún gbọọrọ. Ẹ lè fi ìka yín mẹ́rin lé ibẹ̀, kí ẹ mọ bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣe kéré tó. Aránbàtà ti ń ṣí ìgò àwọ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n kùn ún kó dọ́gba. Owó kékeré ni."

Mo ní kó fi sílẹ̀. Ó wò mí, ó tún wo ọwọ́ báàgì náà.

"Ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?"

"Ìyá mi."

Ó dé ìgò náà, ó dá a padà sínú àpótí, ó sì gba owó òwú nìkan. Inú àpò aṣọ òwú ni báàgì náà wà báyìí, kì í ṣe ọ̀rá, ó sì so mọ́ ara ògiri yàrá mi, níbi tí atẹ́gùn fèrèsé ti ń kàn án.